Ẹgbẹ́ Awòràwọ̀: Ọ̀nà Tí Olùbẹ̀rẹ̀ Lè Gbà Mọ Ojú Ọ̀run

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin. Ọ̀rọ̀ ojú ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tí a fi ń ríran lọ́sàn-án. Ojú alẹ́ ni, ojú tí ènìyàn fi ń wo òkè nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀, tí òkùnkùn sì ti bo ilẹ̀. Láyé àtijọ́, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán nínú agboolé Yorùbá, ìta gbangba ni tọmọdé tàgbà ń jókòó sí. Bí àlọ́ ti ń lọ lọ́wọ́ ni ìràwọ̀ ń tàn yanranyanran lókè. Àwọn awakọ̀ ojú omi mọ ìràwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní ìràwọ̀ ọkọ̀, nítorí pé wọ́n gbà pé òun ni ó ń tọ́ wọn sọ́nà. Ìràwọ̀ náà ni àwọn òyìnbó ń pè ní Sirius, òun ni ó sì mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ìràwọ̀ tí a ń rí lóru. Àwọn àgbà mọ Àgùàlà pẹ̀lú. Wọ́n rí i pé nígbà mìíràn òun àti òṣùpá a máa rìn pọ̀, àwọn kan sì sọ ọ́ ní ajá òṣù. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n inú wọn ti sọ ọ́ tipẹ́ pé Àgùàlà kì í ṣe ajá òṣùpá rárá, ọ̀nà ló pa wọ́n pọ̀. Òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Àgùàlà kì í tilẹ̀ ṣe ìràwọ̀. Ayé mìíràn ni, tí ó ń yí oòrùn po gẹ́gẹ́ bí ayé tiwa ti ń yí i po, ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ó tàn sí i lára ni a sì ń rí.

Lónìí ńkọ́? Bí a bá mú ọmọ ọdún mẹ́wàá kan jáde nínú ìlú ńlá, tí a ní kí ó fi ìka kan Àgùàlà hàn wá, bóyá ni yóò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí bàbá rẹ̀ náà má lè ṣe é. Iná mànàmáná ti gba ojú ọ̀run lọ́wọ́ wa, àjà ilé sì ti dí wa lójú. Ìmọ̀ tí àwọn baba ńlá wa kó jọ nípa wíwo òkè lálaalẹ́ ń parẹ́ lọ, ẹni tí yóò sì fi ti òde òní kún un kò pọ̀. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a gbé ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ awòràwọ̀ yẹ̀ wò, kí a mọ ohun tí wọ́n jẹ́, ohun tí wọ́n ti ṣe níbòmíràn, àti bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan ṣe lè ti ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀.

Kí a kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ kan yé ara wa. Oríṣi ènìyàn méjì ni a máa ń fi orúkọ náà, awòràwọ̀, pè. Ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ń fi ìràwọ̀ woṣẹ́, tí ń sọ fún ènìyàn pé ọjọ́ báyìí ni yóò lówó, oṣù báyìí ni yóò ṣàìsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ń sọ níhìn-ín. Ẹnì kejì ni ẹni tí ń wo ìràwọ̀ láti mọ ohun tí wọ́n jẹ́, bí wọ́n ti jìnnà tó, bí wọ́n ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń yí padà. Nínú irú èyí pàápàá, ọ̀nà méjì ni. Àwọn kan fi í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ ní yunifásítì àti ní ilé ìwádìí. Àwọn kan sì wà tí wọ́n jẹ́ télọ̀, olùkọ́, àgbẹ̀, amòfin tàbí akọ̀wé, tí ó jẹ́ pé ìfẹ́ nìkan ni ó ń mú wọn jáde lóru. Àwọn wọ̀nyí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní amateur. Inú èdè Látìnì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó nífẹ̀ẹ́ nǹkan. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn, kò sì túmọ̀ sí ẹni tí kò mọṣẹ́.

Àpẹẹrẹ kan yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé ni dáadáa. Ní ọdún 1900 ni a bí Leslie Peltier ní oko kan nítòsí ìlú Delphos, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní Amẹ́ríkà. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ọdún 1915, ó gbójú sókè, ó rí ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀ rokoṣo, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn, nítorí náà ó lọ yá ìwé ní ilé ìkàwé ìlú. Ìwé náà ni ó fi mọ ìràwọ̀ kan, ó fi ìyẹn mọ èkejì, títí ó fi mọ ojú ọ̀run bí ẹni mọ ọ̀nà oko. Ní ọdún 1916, ó fẹ́ ra awò-awọ̀nàjíjìn, ìyẹn awò gígùn tí ń fa ohun tí ó jìnnà sún mọ́ ojú. Kò lówó. Ó gba iṣẹ́ kíká èso pupa kékeré tí wọ́n ń pè ní strawberry. Sẹ́ǹtì 2 ni owó ìwọ̀n kan. Ó ká ìwọ̀n 900, owó rẹ̀ di dọ́là 18, ó sì fi í ra awò kékeré tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ kò ju íǹṣì 2 lọ.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá parí síbẹ̀ ni, ọmọdé tí ó rí ohun ìṣeré rà lásán ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918 ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹgbẹ́ kan ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ náà ni àwọn ènìyàn mọ̀ sí AAVSO, tí amòfin kan tí ń jẹ́ William Tyler Olcott dá sílẹ̀ ní ọdún 1911 láti máa ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wọn kì í dúró lójú kan. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tàn sí i, a sì máa rẹ̀ sílẹ̀, òmíràn láàrin ọjọ́ díẹ̀, òmíràn láàrin ọ̀pọ̀ oṣù. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ ń bẹ ọmọ ẹgbẹ́ kò le, sùúrù ni ó ń fẹ́. Ẹni tí ń wòran yóò fi ìràwọ̀ náà wé méjì mìíràn tí a ti mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wọn, ọ̀kan tí ó mọ́lẹ̀ jù ú lọ àti ọ̀kan tí kò mọ́lẹ̀ tó o. Yóò ṣírò ibi tí tirẹ̀ bọ́ sí láàrin méjèèjì, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, yóò sì fi ránṣẹ́. Awò ńlá tí ó wà ní ilé ìwádìí kò lè máa wo gbogbo ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú púpọ̀ ni ó lè ṣe ìyẹn.

Peltier kò fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1980. Iye ìgbà tí ó wo ìràwọ̀ tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ ju 100,000 lọ. Yunifásítì Princeton gbọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n yá a ní awò tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 6. Ìràwọ̀ onírù méjìlá ni a kà sí i lọ́rùn pé ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí wọn. Síbẹ̀, kò ṣí kúrò ní àgbègbè tí a gbé bí i.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ fi sọ́kàn. Ìràwọ̀ kan ń bẹ tí a ń pè ní T Coronae Borealis. Lọ́jọ́ gbogbo, ojú lásán kì í rí i. Ní ọdún 1866, ó tàn lójijì títí ojú lásán fi rí i, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó tún wọ inú òkùnkùn rẹ̀ lọ. Peltier ṣọ́ ìràwọ̀ yìí fún ọdún tí ó ju 25 lọ, pé bóyá yóò tún tàn lójú òun. Ní òru ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún 1946, ó jí láti lọ wo ìràwọ̀. Ó rí i pé ojú ọ̀run mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé òtútù fẹ́ mú òun, ó sì padà sórí ibùsùn. Òru ọjọ́ náà gan-an ni ìràwọ̀ náà tàn. Ọkùnrin náà sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà nínú ìwé tí ó kọ ní ọdún 1965, kò sì fi bò bí ó ti dùn ún tó.

Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní káàánú rẹ̀? Àmọ́, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà ní ìhà kejì. Bí Peltier ti sùn tó, àwọn ẹlòmíràn ní ibòmíràn lágbàáyé rí ìràwọ̀ náà ní òru yẹn, ìròyìn sì tàn kálẹ̀. Ojú ẹnì kan lè sùn, ara ẹnì kan lè má yá, òjò sì lè ṣú ní ìlú ẹnì kan. Níbi tí ojú bá ti pọ̀, kò sí ohun tí yóò ré kọjá láìsí ẹni tí yóò rí i. Ìtumọ̀ ẹgbẹ́ nìyí. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí, ojú kan kò sì tó wo ọ̀run.

Ohun kejì tí ẹgbẹ́ ń ṣe ni pé ó ń sọ ohun tí ó wọ́n di ohun tí ọwọ́ lè tó. Ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Vermont, ọ̀gbẹ́ni Russell Porter bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1920 bí a ti ń fi ọwọ́ ṣe awò-awọ̀nàjíjìn. Ọkùnrin 15 àti obìnrin 1 ni ó kọ́kọ́ wá, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é rèé. A ó wá àwo jígí méjì tí ó nípọn, a ó gbé ọ̀kan lé ekejì, a ó da omi àti iyẹ̀pẹ̀ mímú sáàrin wọn, a ó sì máa fi ti òkè lọ ti ìsàlẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ẹni ń lọ ata. Bí a ti ń lọ̀ ọ́ ni ti òkè ń jẹ sínú, tí ti ìsàlẹ̀ sì ń yọ ikùn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ wákàtí, ti òkè yóò di kòtò díẹ̀ tí ó tẹ́ jẹ́jẹ́. A ó wá dán an títí yóò fi máa kọ mànà, a ó sì fi fàdákà tín-ín-rín tàbí alumíníọ̀mù bò ó lójú. Jígí yìí ni yóò máa kó ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ jọ sí ojú kan. Ní ọdún 1923 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Porter di ẹgbẹ́. Nígbà tí ìwé ìròyìn Scientific American kọ nípa wọn ní ọdún 1925, àwọn ènìyàn káàkiri Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jígí nínú ilé wọn. Láti ọdún 1926 ni wọ́n ti ń ṣe àpéjọ ńlá lórí òkè kan tí wọ́n sọ ní Stellafane.

Ẹlòmíràn tí ó yẹ kí a dárúkọ ni John Dobson. Inú ilé àwọn ẹlẹ́sìn kan ní San Francisco ni ó ń gbé. Ibẹ̀ ni ó ti ń fi gíláàsì fèrèsé ọkọ̀ òkun àlòkù ṣe jígí, tí ó ń fi páálí ńlá yíyí ṣe ọ̀pá awò, tí ó sì ń fi pákó pẹlẹbẹ kan àpótí tí ọ̀pá náà ń jókòó lé. Wọ́n lé e kúrò níbẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ọdún 1968, òun àti àwọn mélòó kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé awò wọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì ìgboro, wọ́n sì ń pe ẹni tí ń kọjá lọ láti wá wo òṣùpá. Wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Dobson kò fi òfin dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti ṣe irú awò rẹ̀, bí irú awò náà ṣe tàn ká gbogbo ayé nìyẹn. Ọdún 2014 ni ó kú, ẹni ọdún 98 ni.

Ó wá kan ọ̀nà tí olùbẹ̀rẹ̀ yóò gbà. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé ẹni tí ìfẹ́ ìràwọ̀ bá mú a kọ́kọ́ sáré lọ ra awò. Bí ẹni tí kò mọ ọ̀nà oko tí ó lọ ra kẹ̀kẹ́ ni. Ohun kìn-ín-ní ni ojú lásán. Kí olùbẹ̀rẹ̀ jáde sí ibi tí iná kò sí, kí ó sì dúró fún nǹkan bí ìdajì wákàtí, nítorí pé ó ń pẹ́ kí ojú tó mọ òkùnkùn lò. Ìmọ́lẹ̀ iná funfun ní ìṣẹ́jú kan yóò ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká náà yóò sì bà á jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń fi ọ̀rá pupa di ojú tọ́ọ̀ṣì wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó mú ìràwọ̀ kan tí ó mọ́lẹ̀, kí ó mọ orúkọ rẹ̀, kí ó sì máa ti ibẹ̀ lọ sí òmíràn. Alẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n yóò kọ́ ọ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ pẹ̀lú ìwé nìkan.

Ohun kejì ni awò olójú méjì, irú èyí tí àwọn kan fi ń wo eré ìdíje. Èyí tí wọ́n kọ 7x50 tàbí 10x50 sí lára dára fún iṣẹ́ yìí. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí ó ń sọ nǹkan di ńlá, ìkejì ni fífẹ̀ ojú rẹ̀ ní ìwọ̀n mìlímítà. Òun ni olùbẹ̀rẹ̀ yóò fi rí àwọn kòtò ojú òṣùpá. Kí ó má ṣe dúró de ìgbà tí òṣùpá bá kún. Ìgbà tí ó bá jẹ́ ààbọ̀ ni òjìji máa ń jẹ́ kí òkè àti kòtò rẹ̀ yọ dáadáa. Òun náà ni yóò fi rí àwọn òṣùpá mẹ́rin tí ó yí Júpítà ká, èyí tí Galileo rí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1610, tí ọ̀rọ̀ ayé fi yí padà. Ohun kẹta ni awò-awọ̀nàjíjìn gan-an. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, kí ó má ṣe gba ti ọlọ́jà tí ń pariwo pé awò òun ń sọ nǹkan di ńlá ní ìgbà ẹgbẹ̀ta. Fífẹ̀ ojú awò ni kí a bèèrè, nítorí pé ojú tí ó fẹ̀ ni ó ń kó ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ jọ. Èyí tí ó dára jù ni kí ó kọ́kọ́ wo inú awò àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kí ó tó ná kọ́bọ̀.

Àwọn kan lè rò pé ohun tí ó jẹ́ ti òyìnbó ni gbogbo èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run fún ilẹ̀ Yorùbá ní ipò kan tí Lọ́ńdọ̀nù àti New York kò ní. Ẹni tí ó wà ní New York kò lè rí Àgbélébùú Gúúsù láéláé, ẹni tí ó wà ní Sydney kò sì lè rí Ìràwọ̀ Àríwá láéláé. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, ìwọ̀n ìgun 7 àti díẹ̀ péré ni ó fi wà ní àríwá rẹ̀. Nítorí náà ìràwọ̀ méjèèjì ni ojú ọ̀run rẹ̀ gbà. Ní alẹ́ oṣù karùn-ún, Àgbélébùú Gúúsù a máa dúró ní ìhà gúúsù. Ìràwọ̀ Àríwá wà ní ìsàlẹ̀ ní ìhà kejì, bí kùrukùru kò bá bò ó. Ní oṣù kìn-ín-ní sí ìkejì, Òríónì yóò wà lókè gan-an ní ìrọ̀lẹ́, ìràwọ̀ ọkọ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Ní oṣù kọkànlá, ẹni tí ó bá wà ní abúlé tí ó ṣókùnkùn lè fi ojú lásán rí ohun kan bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìhà àríwá. Ogunlọ́gọ̀ ìràwọ̀ ni, Andromeda ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ojú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà ti wà lójú ọ̀nà láti nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún méjì àti ààbọ̀.

Òótọ́ ni pé ìdènà wà. Òjò ń gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ ẹni, ọyẹ́ sì ń fi eruku bo ojú ọ̀run. Ṣùgbọ́n ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ọyẹ́ tó dé, dára púpọ̀. Àlàfo lẹ́yìn òjò ńlá náà dára, nítorí pé omi ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́. Ìdènà mìíràn ti ọwọ́ ènìyàn wá. Ẹni tí ó bá dá dúró nínú òkùnkùn ní agogo méjì òru pẹ̀lú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́, àwọn ọdẹ àdúgbò lè pè é ní olè, àwọn mìíràn sì lè pè é ní ohun tí ó burú ju olè lọ. Ìdí mìíràn rèé tí ó fi yẹ kí ó jẹ́ ẹgbẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá kọ́kọ́ lọ rí baálẹ̀ àti olórí ọdẹ, tí wọ́n pè wọ́n láti wá kọ́kọ́ fi ojú wo inú awò, ìfura yóò di ìfẹ́. Ẹni tí ó bá ti rí òrùka Sátọ́ọ̀nù pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kì í bá ẹgbẹ́ jà mọ́. Òkùnkùn tí a sì ń bú nígbà tí iná mànàmáná bá lọ, ẹgbẹ́ awòràwọ̀ lè rí i bí àǹfààní.

Bí ẹgbẹ́ kò bá sí ní ìlú kan, ènìyàn mẹ́ta tó láti dá a sílẹ̀. Àwọn baba wa mọ àáró, wọ́n mọ èésú, ọgbọ́n kan náà sì ni èyí. Ènìyàn mẹ́wàá lè máa dá èésú, kí wọ́n fi kíkó àkọ́kọ́ ra awò kan fún ẹgbẹ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé e lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n yan alẹ́ kan lóṣù, nígbà tí òṣùpá kò bá sí, láti lọ sí oko tàbí pápá ilé ìwé kan. Kí àgbà ẹgbẹ́ má fi ìmọ̀ rẹ̀ bo olùbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí olúkúlùkù ní ìwé àkọsílẹ̀ tí yóò máa kọ ọjọ́, wákàtí, ibi tí ó wà àti ohun tí ó rí sí. Ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, bí àlá ni yóò rí lọ́jọ́ iwájú. Iṣẹ́ kan sì tún wà fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá: kí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà, lọ́wọ́ apẹja àti lọ́wọ́ àgbẹ̀, orúkọ tí wọ́n mọ àwọn ìràwọ̀ sí, kí wọ́n sì kọ wọ́n sílẹ̀ kí àwọn àgbà náà tó lọ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ kánjúkánjú ni ọ̀rọ̀ oòrùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1947, òṣùpá bo oòrùn pátápátá ní àwọn ibì kan ní Nàìjíríà, ọ̀sán di òru. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2006, ó tún ṣẹlẹ̀ ní apá kan Gáánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ìṣirò sì fi hàn pé ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 2034, òjìji òṣùpá yóò tún gba Nàìjíríà kọjá. Àwọn àgbà a máa ní oòrùn àti òṣùpá ń jà. Wọn kò jà. Òṣùpá bọ́ sáàrin ayé àti oòrùn ni, òjìji rẹ̀ sì ṣubú lé wa lórí. Àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Oòrùn tí kò tíì bò tán lè jó ojú ènìyàn títí láé, kò sì ní dùn ún lásìkò tí ó ń jó o. Gíláàsì tí a fi èéfín kùn kò tó, fíìmù àwòrán egungun láti ilé ìwòsàn kò tó, abọ́ omi tí a fi ń wo àwòjìji rẹ̀ náà kò tó. Awò tí a ṣe fún wíwo oòrùn ni kí a lò. Bí kò bá sí, kí a lu ihò abẹ́rẹ́ kan sára páálí, kí a kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kí a jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà bọ́ sórí bébà funfun. Orí bébà náà ni a ó ti máa wo bí òṣùpá ṣe ń gé oòrùn jẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi awò olójú méjì tàbí awò-awọ̀nàjíjìn tí kò ní ìbòjú wo oòrùn láé.

Ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èyí kí ọjọ́ náà tó pé? Ìjọba nìkan kò lè ṣe é tán, ilé ìwé pàápàá kò sì ní ọwọ́ tó. Ẹgbẹ́ kékeré ní ìlú kọ̀ọ̀kan, tí ó ti ń jáde lálẹ́ lóṣooṣù, tí àwọn ará àdúgbò ti mọ̀, tí wọ́n sì ti fọkàn tán, ni yóò lè dúró ní pápá lọ́jọ́ náà, kí ó sọ fún ọmọdé ibi tí ó yẹ kí ó kọjú sí. Bí kò bá sí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: àwọn kan yóò ti ilẹ̀kùn mọ́rí nítorí ẹ̀rù, ohun tí wọn ìbá fi ṣe ìtàn fún ọmọọmọ wọn yóò sì ré wọn kọjá, àwọn kan yóò fi ojú lásán wo ó, wọn yóò sì fi ojú náà san án. Ìkíní dà bí ti Peltier tí ó padà sórí ibùsùn. Ìkejì burú jù ú lọ.

Kì í ṣe ọjọ́ tí ogun bá dé ni à ń kọ́ ọfà títa. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, alẹ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ ni kí ó bẹ̀rẹ̀. Kí ó jáde síta, kí ó pa iná, kí ó ní sùúrù fún ìdajì wákàtí, kí ó sì pe aládùúgbò rẹ̀ kan mọ́ra. Nígbà tí ẹni méjì bá ti jọ ń wo òkè, tí ọ̀kan sì bi èkejì pé, "Ìràwọ̀ wo nì yẹn?", ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.